Àṣàkẹ́, Má Fi Ìjókòó Tọ́jú Mi

Ọ̀yọ́,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Rámótà, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ń gbà ọ́? Awakọ̀ Píjò tí o fi lẹ́tà rán dé láàárọ̀ àná, ó sì kó máńgòrò inú àpò fún mi ní pípé. Kò jẹ ìkankan níbẹ̀, ìyẹn ni pé èèyàn dáadáa ni. Mo kọ́kọ́ jẹ máńgòrò kí n tó ka lẹ́tà. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí nígbà tí mo ka lẹ́tà tán, oúnjẹ ò wù mí mọ́.

O ní o ti gba yàrá àti pálọ̀ lẹ́bàá Ọjà Igbó. O ní o ti ra bẹ́ẹ̀dì, o sì ti ra àga kan tí èmi nìkan yóò máa jókòó lé. O ní lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó èmi àti ẹrù mi, pé kí n fi àyè mi ní ìsọ̀ àwọn oníṣọ̀nà awọ sílẹ̀ fún Sàlámì ọmọ àbúrò mi, kí n má fọwọ́ kan awọ mọ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Gbogbo èyí nítorí pé o gbọ́ pé ọ̀bẹ gé mi ní àtàǹpàkò, àti pé ojú mi kò ríran dáadáa mọ́. O tún wá fi òwe dè mí mọ́lẹ̀, o ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà dé ibi àga yẹn. Kò sí bàbá tí kò ní í gbàdúrà kí ọmọ òun kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí òun. Ṣùgbọ́n èmi náà mọ òkété. Bó ti wù kó dàgbà tó, eyín rẹ̀ kì í kúrò lára ẹ̀kùrọ́. Ọjọ́ tí o bá rí òkété tó jókòó gẹlẹtẹ tí kò ha nǹkan kan, àìsàn ló ń ṣe é.

Nítorí náà, mo fẹ́ kọ̀wé gígùn sí ọ lónìí. Mi ò kọ irú rẹ̀ sí ọ rí, mi ò sì rò pé mo tún máa kọ irú rẹ̀ mọ́, nítorí ọwọ́ mi mọ awọ ju bíírò lọ. Bí o bá gbé ìkòkò ka sítóófù, lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Àkọ́kọ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ìlú tí o wà yìí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, kí n tó mọ ìyá rẹ, awọ sú mi. Òórùn rẹ̀ kì í kúrò lára èèyàn bọ̀rọ̀. Bí mo bá wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ mi, wọn á ní, "Lásísì dé, ewúrẹ́ dé." Ni mo bá sá fún bàbá mi, mo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì rí iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí àwọn oníṣòwò tábà ń lò. Wọ́n fún mi ní kakí, wọ́n fún mi ní bàtà, wọ́n fún mi ní fèrè. Ìyá mi jó nígbà tó gbọ́. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni wọ́n kó tábà inú rẹ̀ tán pátápátá, wọn ò sì kó òmíràn wá. Síbẹ̀ wọn ò ní kí n máa lọ. Wọ́n ń sanwó fún mi lóṣooṣù kí n máa ṣọ́ ilé òfìfo. Afẹ́fẹ́ ni mò ń ṣọ́, ọmọ mi.

Níbẹ̀rẹ̀, mo gbádùn rẹ̀. Mò ń jẹ, mò ń sùn, mò ń ra ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, oorun ò wá mọ́ lóru, kò sì fi mí sílẹ̀ lọ́sàn-án. Inú ń bí mi sí ewúrẹ́ tó bá kọjá. Bí àwọn èèyàn bá ń rẹ́rìn-ín lójú títì, mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ibì kankan ò dùn mí lára, ṣùgbọ́n bí mo bá jí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n má dìde mọ́. Mo ránṣẹ́ sílé pé wọ́n ti ṣe mí. Bàbá mi lọ gba hàntú fún mi, omi tí Alfa fi fọ wàláà rẹ̀. Mo mu nínú rẹ̀, mo fi ìyókù bọ́jú, ìbànújẹ́ náà sì wà níbi tó wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá Hausa kan láti Sábó, Málàm Gàmbo tó ń ta awọ, ń kọjá lọ pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Okùn awọ tó fi de ẹrù já níwájú géètì mi. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ọmọ, o mọ̀ ọ́n rán?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Mo wá okùn àpò àti ìṣó, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú kakí mi, mo rán an. Nígbà tí mo ṣe tán, ó fi gbogbo ara fà á, kò já. Ó wò mí lójú, ó ní, "Kai! Ta ló fi ọ́ síbí?"

Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bọ́ kakí sílẹ̀, mo padà sọ́dọ̀ bàbá mi. Ìyá mi bú mi títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá mi ní tirẹ̀ kàn sún díẹ̀ lórí ẹní kí n lè ráyè jókòó.

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé owó oṣù wà lọ́tọ̀, iṣẹ́ wà lọ́tọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ohun tí iṣẹ́ ń ṣe fún òtòṣì, gbogbo ọmọ ilé ìwé ló mọ̀ ọ́n. Wọn ò sọ púpọ̀ nípa ohun tó ń ṣe fún ọkàn. Bí èèyàn bá ṣe nǹkan tó wúlò fún ẹlòmíì, tí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i pé ó wúlò, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ lọ́nà tí owó nìkan ò lè mú un balẹ̀.

Nínú lẹ́tà rẹ, o ráhùn pé kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ṣì ń sunkún ilé ni wọ́n tún fún ọ, bẹ́ẹ̀ o kàwé láti kọ́ àwọn ọmọ ńlá. Mo gbọ́. Bí ó bá tó àkókò, lọ bá ọ̀gá yín sọ ọ́ pẹ̀lú ìtẹríba, má fajú ro. Ṣùgbọ́n kó tó di ìgbà yẹn, bi ara rẹ léèrè pé: bí mi ò bá lọ lọ́la, ọmọ wo ni yóò máa wo ẹnu ọ̀nà? Bí o bá ti lè dárúkọ ọmọ kan, iṣẹ́ gidi lo ní lọ́wọ́. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ lò ń ṣọ́.

Ìkejì ni pé kí o má gbàgbé ìjókòó tìrẹ. Má bínú pé mo mẹ́nu bà á. Lẹ́yìn tí o gba sáátífíkéètì tán tí iṣẹ́ ò yọjú, ìwọ àtèmi la jọ wà nílé. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwọ lò ń gbá gbogbo agbo ilé, ò ń kọ̀wé síbí, ò ń kọ̀wé sọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, o ò kọ̀wé mọ́. O ò di irun mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á dé, wàá ní kí n sọ fún wọn pé ò ń sùn. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, tí mò ń ké oríkì rẹ wọlé bíi pé mò ń pe ẹni tó wà lókè odò. Àwọn aládùúgbò ní ayé ló ń ṣe ọ́. Àwọn mìíràn ní ọ̀lẹ ni ọ́. Mi ò gba èyíkéyìí gbọ́ nínú rẹ̀, nítorí mo ti jókòó síwájú ilé òfìfo rí, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dákẹ́.

Nígbà tí iṣẹ́ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, o lọ. Owó oṣù àkọ́kọ́ pẹ́ kó tó wọlé, ṣé o rántí? Gàrí àti epo tèmi lò ń jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wálé fún Iléyá, tí kọ́bọ̀ ò tíì kan ọwọ́ rẹ, ẹ̀rín rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé. Ṣọ́ọ̀kì wà lára gèlè rẹ. O sọ ìtàn ọmọ kan tó kọ orúkọ ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tó wá gbé síléètì jáde lọ fi han òbúkọ tó wà nínú ọgbà. Ò ń sọ ọ́, ò ń jó o, títí ọbẹ̀ fi tutù. Kì í ṣe owó ló wò ọ́ sàn, Àṣàkẹ́. Owó ò tíì dé.

Ìwọ tí o mọ ohun tí ìjókòó ń fojú èèyàn rí, òun náà lo wá ra àga fún mi pé kí n wá ṣe?

Mi ò ní ka nọ́ńbà mọ́, ọ̀rọ̀ ti wọnú ara wọn.

Nígbà tí ìyá rẹ kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bí a ti ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ tán ni ìwọ ti padà sí ilé ìwé. O ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Ní ọjọ́ kejì, mo kó ọ̀bẹ mi, mo lọ sí ìsọ̀. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àbúrò mi obìnrin wá bá mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ ná. Àwọn èèyàn á ní ẹ ò fẹ́ràn ìyàwó yín." Àpò kan ni mò ń rán lọ́jọ́ náà, ó sì wọ́, nítorí omi ojú ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà abẹ́rẹ́. Mo tú u, mo tún un rán. Kò dá ìyá rẹ padà fún mi. Ṣùgbọ́n nílé, gbogbo nǹkan ló ń sọ fún mi pé kò sí mọ́, ìkòkò rẹ̀, àpótí rẹ̀, ibi tó máa ń fi ìborùn rẹ̀ kọ́. Ní ìsọ̀, àwọn èèyàn ṣì ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi. Ẹni kan ń fẹ́ bàtà, ẹni kan ń fẹ́ tìmùtìmù tí ọmọ rẹ̀ yóò gbé lọ ilé ọkọ. Bí wọ́n bá ṣì ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, onítọ̀hún ò tíì tán.

O mọ Bàbá Sùlè tó ń fín igbá, ọ̀rẹ́ mi tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Àwọn ọmọ rẹ̀ rọ́wọ́ mú ní Ìbàdàn. O sì mọ bí a ti ń ṣe nílùú yìí: bí ọmọ bá ti ríṣẹ́ gidi, ìtìjú ni fún un kí wọ́n ṣì máa bá bàbá rẹ̀ nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n á ní ọmọ ò tọ́jú rẹ̀. Ni àwọn ọmọ náà bá wálé, wọ́n pe Alfa, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n pa àgbò, wọ́n rán aṣọ funfun fún bàbá wọn. Wọ́n wá kó gbogbo ọ̀bẹ ìfíngbá rẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Ìbàdàn kí iṣẹ́ náà má baà wù ú mọ́. Gbogbo wa jẹ ẹran. Gbogbo wa ní kí Ọlọ́run ṣe irú rẹ̀ fún wa, èmi náà sì ṣe àmín tó rinlẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi wá jókòó síwájú ilé nínú aṣọ funfun. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá!" òun náà á dáhùn láìgbójú sókè. Ó wá di, "Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá! Ẹ kú ìsinmi o!" láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Lásísì, ẹni tó bá tún kí mi kú ìjókòó, òkò ni mo máa sọ ọ́." Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyàwó òun ń bu nǹkan sí ọbẹ̀ òun. Kò sùn mọ́. Ó ń pe orúkọ àwọn tó ti kú. Wọ́n gbé e lọ síhìn-ín, wọ́n gbé e lọ sọ́hùn-ún, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ló dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ sáré wá pè mí. "Bàbá Rámótà, ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo ọ̀rẹ́ yín, orí rẹ̀ ti dàrú pátápátá." Mo bá a lẹ́yìnkùlé. Ó ti mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bẹṣu, ó ti fi fín gbogbo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì tuntun tí àwọn ọmọ rà fún un. Ẹyẹ, alángbá, ẹja, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹ̀rún pákó kún orí aṣọ funfun. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì mọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe wa. Ó ní, "Pákó yìí mà le ju igbá lọ o." Mo jókòó tì í. Ẹni tí a ti ń sunkún pé kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́, òun ló ń ṣàlàyé pákó fún mi létòlétò.

Mo ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n dá ọ̀bẹ bàbá wọn padà. Wọ́n dá a padà, àmọ́ ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n gbà kí ó jókòó síwájú ilé fín igbá. Wọ́n ní kí ó máa ṣe é lẹ́yìnkùlé kí ojú ayé má tó o. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Títí di òní, ibẹ̀ ló ń jókòó. Ó ṣì máa ń gbàgbé orúkọ èèyàn, àgbà ti dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń sùn, kò sì fẹ̀sùn kan ìyàwó rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ yẹn fẹ́ràn bàbá wọn o. Ìfẹ́ ni wọ́n fi kó ọ̀bẹ lọ. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ àga tìrẹ.

Má sì gbọ́ mi sódì. Mi ò ní kí o fi iṣẹ́ pa ara rẹ. Mo gbọ́ pé o máa ń gbé ìwé àwọn ọmọ sùn. Ìwé kì í ṣe ìrọ̀rí, fi sílẹ̀ ní ilé ìwé lọ́jọ́ mìíràn. Wá ẹni tí ẹ ó jọ máa rẹ́rìn-ín láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ, nítorí iṣẹ́ tí èèyàn ò rí ẹni bá ṣẹ̀fẹ̀ nídìí rẹ̀ kì í pẹ́ súni. Iṣẹ́ kì í sì í ṣe oògùn gbogbo àìsàn. Bí ìbànújẹ́ ìjọ́sí bá tún yọjú, tí ò ń ṣiṣẹ́ tí kò sì lọ, má fi pa mọ́ fún mi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ayé ló ń ṣe ọ́. Lọ sí ọsibítù, kí o sọ ọ́ fún dókítà bí o ṣe máa sọ pé ibà ń ṣe ọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí mo bá mọ èyí nígbà tí mo wà nídìí géètì, ǹ bá ti lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ojú. Mi ò ní purọ́ fún ọ, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó dà bíi pé èéfín wà nínú ojú ọ̀tún. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, mi ò mọ awọ pupa yàtọ̀ sí dúdú mọ́. Agídí ni mo ṣe lọ́jọ́ tí ọ̀bẹ gé mi, ilẹ̀ ti ń ṣú, Sàlámì ní kí n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo ní ṣé òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ni. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń gé awọ, èmi ń rán an, àárọ̀ nìkan sì ni mo ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ohun tí o sọ nípa ọ̀bẹ, mo ti gbà. Ìwọ lo borí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Àṣàkẹ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àárọ̀ tí mo bá jí tí n kò rí abẹ́rẹ́ mọ́, mi ò mọ irú èèyàn tí màá jẹ́.

Nítorí náà, jẹ́ kí ọkọ̀ náà wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo máa wọ̀ ọ́. Ẹrù kankan ò ní bá mi wá àfi aṣọ ìpààrọ̀ àti sálúbàtà tí mo rán fún ọ. Mo máa jókòó lórí àga rẹ, mo máa jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ, mo máa ṣe àdúà fún ọ títí wàá fi ní ó tó. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí o mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo ojú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ń padà bọ̀ sí Ọ̀yọ́, nítorí ìyá ìyàwó kan ń retí tìmùtìmù lọ́wọ́ mi, mo sì ti gbà fún un.

Bí dókítà bá ní ojú náà ṣeé tún ṣe, Ọlọ́run á san án fún ọ. Bí ó bá sì ní kò ṣeé ṣe mọ́, pé ó ń lọ pátápátá nìyẹn, má sunkún níwájú mi. Má sì ní kí n sinmi. Ronú ohun tí ọwọ́ mi lè ṣe láìsí ojú, ìbáà ṣe okùn ni kí n máa lọ́, ìbáà ṣe ẹ̀gúsí ni kí n máa bó. Gbé e kalẹ̀ síwájú mi, kí o sì dárúkọ ẹni tó ń dúró dè é fún mi.

Bàbá rẹ,
Lásísì.